Férémù Tí Mo Rà ní Ijala

Ọ̀sán gangan ni wọ́n já wa sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, èmi àti ọmọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sì ni a bí i mọ́. Egungun ti ń ro ó láti àárọ̀, ẹyinjú rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, mo sì ń gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi igi àti táyà dí ọ̀nà fa ọlọ́kadà náà wálẹ̀, wọ́n bi í léèrè èdè tí bàbá rẹ̀ ń sọ. Kó tó dáhùn, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó wo ọmọ tí mo gbé sáyà, ó ní, "Mama, abeg, come down." Kò jágbe mọ́ mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé kò tilẹ̀ bínú rárá.

Mo pọ̀n ọ́n, mo fẹsẹ̀ rìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọmọ àpọ̀nrìn, ṣùgbọ́n mo rìn. Nígbà tí a dé ọhún, nọ́ọ̀sì ṣí ojú ọmọ náà wò, ó sì kọ ojú sí mi, ó ní, "Madam, next time no wait reach like this." Mi ò dúró níbì kankan.

Ọlọ́run bá wa ṣé lọ́jọ́ náà, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ ni ọ̀kadà ti pòórá ní àdúgbò wa ní Agbassa, nínú ìlú Warri. Àwọn tí wọn kò tíì gba tiwọn fi í pamọ́ sínú yàrá, wọ́n ń sùn tì í bí ìyàwó. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ àti lórí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀ràn náà kò kan àwa. Láti ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́ ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Àlùbọ́sà ni mò ń tà lọ́jà, òun ń jó irin, ó ń ṣe ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í béèrè ìlú ẹni.

Ọkọ mi kò jó irin mọ́ nígbà náà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ láìlo gíláàsì dúdú tó yẹ kó máa fi bojú, iná wẹ́dà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ojú rẹ̀ tán. Bí ènìyàn bá dúró níwájú rẹ̀, bí èéfín ló ń rí i. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò gbàgbé nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ àpò ìrẹsì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Oníbàárà kan ló gbé e wá fún àtúnṣe, ó sì ti sá kúrò ní ìlú kó tó padà wá gbà á.

Ó ní, "Ìyá ọmọ mi, ṣebí o máa ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí o wà lọ́mọdé?"

Mo ní, "Mo gùn ún. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni. Kí ló dé?"

"A ó so ẹ́ńjìnnì yìí mọ́ kẹ̀kẹ́. Ìwọ ni wàá máa gbé ọmọ lọ."

Mo wò ó, mo rò pé ìrònú ti fẹ́ dà á lórí rú. Ṣùgbọ́n ó ti rò ó já. Ó ní bí a bá ra ọ̀kadà tiwa, wọn yóò gbà á ni. Kẹ̀kẹ́ kò wu ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti rí ìdènà lókèèrè, kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n máa wà á kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, mo lè gbé e gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà, níbi tí mọ́tò kò lè dé.

Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ìṣòro. Egungun kẹ̀kẹ́ ni, férémù yẹn. Ẹ́ńjìnnì yìí ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí egungun náà kò bá lágbára, yóò gbọ̀n ọ́n títí oríkèé rẹ̀ á fi já. Bó bá sì já pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Ó ní kẹ̀kẹ́ dúdú gíga tí àwọn ẹlẹ́mu ń gùn le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ga jù fún mi, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ẹrẹ̀ ni yóò gbé e mì. Irú èyí tí àwọn òyìnbó ń gùn létí òkun ni ó fẹ́: ó gùn, kò ga, ọwọ́ rẹ̀ là sẹ́yìn bí ìwo màlúù, táyà rẹ̀ sanra. Ọkùnrin kan wà ní Ijala tó ń ta irú rẹ̀, tòkunbọ̀ tí ó ń gbà lọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi. Òun fúnra rẹ̀ ni ìbá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń fà kalẹ̀ ní ìdènà, ẹni tí ojú rẹ̀ kò sì ríran kò lè sá.

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Odidi ọjọ́ méjì, a dúró ti kẹ̀kẹ́ aládùúgbò wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fún mi ní òòfà tó yọ nídìí rédíò àtijọ́, ó ní bí kò bá ti lẹ̀ mọ́ férémù, irú irin tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò nìyẹn, kí n fi í sílẹ̀. Ó fún mi ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ta á láti ọrùn kẹ̀kẹ́ dé ìdí, ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kí n lè mọ̀ bóyá mọ́tò ti gbá a rí tí ó sì wọ́. Ó fi sípánà lu irin náà, ó ní kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Irin tó sán kì í dún gbọnrangandan, ohùn rẹ̀ á kú sínú. Èyí tó wá kọ́ mi kẹ́yìn ni kí n máa fi ìka rin gbogbo oríkèé, pàápàá jù lọ abẹ́ ìjókòó, níbi tí irin mẹ́ta ti pàdé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lójú bí mo ṣe ń ṣe é.

"Ojú á tàn ọ́," ló wí. "Ìka ni kí o gbọ́ tirẹ̀."

Nígbà tí mo ń lọ lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi jókòó lórí ẹní, ó gbé ẹsẹ̀ lé itan bàbá rẹ̀ kí ó bá a fi òróró pa á. Yorùbá ni mo ń bá a sọ, Pidgin ló máa ń fi dáhùn bí gbogbo ọmọ Warri. Mo ní mò ń bọ̀. Ó ní, "Mama, no run o. If you run, dem go think say you do something." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ọgbà ọkùnrin náà ní Ijala kò jìnnà sí omi. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré nígbà tí mo dé. Ó sọ fún mi pé òun ń lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, pé ọ̀rọ̀ tí òun ń gbọ́ kò dára. Férémù mẹ́ta péré ló kù sílẹ̀ tó jọ èyí tí ọkọ mi júwe.

Àkọ́kọ́ pupa fòò, ara rẹ̀ ń dán débi pé mo rí ojú mi nínú rẹ̀. Ó wù mí lọ́kàn. Mo gbé òòfà lé e, òòfà náà já bọ́ sínú iyanrìn. Mo mú un, mo tún gbé e lé ibòmíràn, ó tún já. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama, who teach you?" Mo ní ọkọ mi ni.

Àwọ̀ aró ni èkejì, ó nípọn, òòfà sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Mo ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé ọrùn rẹ̀, níbi tí irin iwájú ti wọlé. Níbẹ̀ ni òòfà kàn yọ̀ tẹ̀rẹ́ kúrò, bí ẹni pé irin tán níbẹ̀. Mo fi èékánná ha ọ̀dà rẹ̀. Ẹ̀tù funfun ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Pọ́tì ni, èyí tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe máa ń fi dí ihò. Ẹnìkan ti já ọrùn kẹ̀kẹ́ náà rí, ó sì fi ọ̀dà bo àṣírí. Mo gbé e sílẹ̀. Bàbá náà yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ti dípẹtà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ ti bó, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, férémù rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ kọrọdọ níwájú bí ẹ̀yìn arúgbó. Ṣéènì kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ méjèèjì pé. Òòfà lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí mo gbé e sí. Mo ta okùn lọ́tùn-ún, mo ta á lósì, wọ́n dọ́gba. Mo fi sípánà lù ú, ó ké bí agogo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka rin oríkèé rẹ̀, ọrùn, abẹ́ pẹ́dàlì...

Ìbọn dún láti ojú omi. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ń ya bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya. Bàbá náà ju okùn sínú ọkọ̀, ó kígbe, "Mama, you dey buy or you no dey buy?"

Mo tú owó tó wà létí ìró mi, mo kó o fún un láìkà á, mo gbé kẹ̀kẹ́ náà, mo bọ́ sọ́nà. Ìka mi kò dé abẹ́ ìjókòó.

Ibi ìdènà kan ṣoṣo ni wọ́n ti dá mi dúró. Wọ́n bi mí ní ibi tí mò ń gbé e lọ, Pidgin sì sá kúrò lẹ́nu mi pátápátá. Yorùbá ni mo fi ń dáhùn: "Ọmọ mi ló ń ṣàìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni." Wọn kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Na Yoruba woman. Leave am." Mo rìn. Mo rántí ohun tí ọmọ mi wí, mi ò sáré.

Ọkọ mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó mu omi ló ti na ọwọ́.

Ó ní, "O yẹ gbogbo rẹ̀ wò?"

Mo ní, "Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò."

Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó fi ọwọ́ pa á láti ọrùn dé ìdí bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ń tú ká díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Irin gidi nìyí." Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ dé abẹ́ ìjókòó. Ó dúró. Ó lọ síwájú, ó padà. Ó mú ìka mi, ó gbé e lé ibẹ̀.

Ojú sísán ni, ó tín-ín-rín bí irun orí. Ṣùgbọ́n ó yí irin náà ká dé ìdajì.

N kò lè gbé ojú sókè. Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ẹkún gbé mi. Mo ní, "Ìbọn ló dún. Mi ò dé ibẹ̀. Mo parọ́ fún yín." Kò bá mi wí. Ìbá ṣe pé ó bá mi wí ni, ara ìbá tù mí. Ó kàn ń fi ìka rin ojú sísán náà, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Iná kò sí ní àdúgbò láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a sì ti ta jẹnẹrétọ̀ tó fi ń jó irin nígbà tí ojú rẹ̀ bàjẹ́. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ ti wà lójú omi. Owó sì ti tán.

Ọkọ mi gbé ọwọ́ kúrò lára irin náà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì wa, ọ̀pá wo ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Bí a ṣe gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa nìyẹn. Ọ̀pá náà fẹ̀ díẹ̀ ju irin kẹ̀kẹ́ lọ. Ọkọ mi ní kí a là á sí méjì ní gígùn, kí a fi ìlàjì méjèèjì gbá oríkèé tó sán náà mọ́ra, kí a sì fi bóòtì mẹ́rin dè é. Èmi ni mo ń fi ayùn irin gé e, òun gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sí ibi tí ayùn gbọ́dọ̀ gbà. Mo gé e lọ́wọ́ nígbà méjì. Ó ní kí n má dúró. A fi rọ́bà inú táyà wé oríkèé náà kí a tó dè é, kí ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì má bàa tú u. Ìyẹn gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ méjì mìíràn ni a fi de ẹ́ńjìnnì sínú ikùn férémù, tí a fi ṣéènì méjì sí i, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a dán an wò lẹ́yìnkùlé. Ó bú ramúramù, èéfín sọ, ìyá kan tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa sá jáde, ó rò pé ìjà ti dé.

Ìjà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Èéfín dúdú ló jí wa, lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá lọ. Láàárín rẹ̀ ni ọmọ mi di àyà mú, ó ní, "Mama, e dey pain me for chest." Ẹsẹ̀ àti apá ló máa ń ro ó. Àyà, wọ́n ti kìlọ̀ fún wa nípa àyà.

Ọ̀nà ọsibítù ti inú ìlú ń jó. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní Otor-Udu, lódì kejì afárá Udu. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀já de ọmọ mọ́ mi lẹ́yìn, ìdè méjì. Ó so sípánà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Ẹ wá, ká jọ lọ."

"Àwa mẹ́ta? Egungun yẹn kò ní gbà á."

"Ta ló máa mú yín lọ́wọ́?"

"Ìyá ọmọ mi, máa lọ."

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ èyí kí ó yé ènìyàn. Mo fi ọkùnrin tí kò ríran sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí ilé ń jó ní òpópónà kejì, mo sì gun kẹ̀kẹ́ lọ. Mo gbọ́ tí ó ń sọ pé, "Máa lọ, máa lọ," títí ẹ́ńjìnnì fi bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó sáré. Mi ò rò pé ó lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ní ìdènà àkọ́kọ́ mo pa ẹ́ńjìnnì, mo wà á kọjá láàárín àwọn tó ń ru ẹrù, kò sẹ́ni tó wò mí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ́ńjìnnì kò gbà láti bú mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ wà á, èmi, ọmọ, irin, ẹ́ńjìnnì, itan mi ń jó bí ata. Nígbà tí a ń gun afárá Udu ni mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ mi, kín-ín, kín-ín, kín-ín. Ìdè abẹ́ ìjókòó ti ń tú.

Mo sọ̀kalẹ̀. Sójà kan lórí afárá jágbe mọ́ mi pé kí n kọjá. Mo gbé sípánà, kò bá orí bóòtì. Mo dijú. Mo fi ìka wá a, mo rí ìkíní, mo rí ìkejì, mo fún wọn. Sójà náà ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó rí ẹsẹ̀ ọmọ tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn mi, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì di kẹ̀kẹ́ náà mú títí mo fi fún ìkẹta àti ìkẹrin. Ó tì wá títí dé ibi tí afárá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí a ṣe ń yí lọ sísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì bú. Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù. Mi ò tún fọwọ́ kàn án mọ́, torí ẹ̀rù ohun tí mo lè mọ̀.

Ní Otor-Udu, nọ́ọ̀sì gé ọ̀já náà pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, kò dúró tú u. Wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú, wọ́n fa omi sí i lára. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ń sá bọ̀ láti Warri sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ pé òpópónà wa ti jó tán. Ọjọ́ mẹ́ta. Mò ń gbàdúrà fún ọmọ, bí mo bá dé orí ti bàbá rẹ̀, ẹnu mi á wúwo. Mi ò mọ̀ bóyá ti alààyè ni kí n gbà ni tàbí ti òkú.

Ní ọjọ́ kẹrin ọmọ jẹ búrẹ́dì. Mo fi í sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá bárékè àwọn sójà, níbi tí àwọn tí kò nílé mọ́ kóra jọ sí. Ènìyàn pọ̀ bí eéṣú. Ìyá tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa ni mo kọ́kọ́ rí, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ ni. Ó mú mi lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan, ó mú mi lọ síbi tí ọkọ mi jókòó sí lábẹ́ tapólì. Ìyá náà ló fi ìró ara rẹ̀ so ọwọ́ ọkọ mi mọ́ tirẹ̀, tí ó fi fà á jáde láàárín iná. Ó sọ fún àwọn tó bi í pé ọmọ ìyá òun ni.

Mo ní, "Ó yè. Ó jẹ búrẹ́dì."

Ọkọ mi na ọwọ́ títí ó fi bá ojú mi. Ó sunkún, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó sunkún. Nígbà tó dákẹ́, ó bi mí pé, "Ìdè yẹn ńkọ́? Ṣé ó tú?"

Mo ní, "Kò tú rárá."

Otor-Udu la gbé fún ọdún méjì. Kí ọdún kìíní tó parí, ojú ọkọ mi kú pátápátá. Kẹ̀kẹ́ náà gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà mẹ́fà mìíràn, kí a tó kó padà sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́. Ọkọ mi ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ọmọ mi ti di obìnrin, olùkọ́ ni ní Ìbàdàn, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń ṣọ́ ara. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, òtútù kò dára fún egungun rẹ̀, mo máa ń pè é láràárọ̀. Bó bá gbé fóònù, tó ní, "Mama, I dey," ìgbà yẹn ni mo tó lè lọ gbé omi kaná.